Wọ́n ní estrogen mi ga, wọ́n fún mi lóògùn, ara ò wá yá mọ́

Ẹ̀gbọ́n kan kọ̀wé sí mi láti Houston, ní Texas. Mo ti gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ kúrò níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kà á, testosterone ni họ́mọ̀nù ọkùnrin, estrogen ni èyí tí wọ́n mọ̀ sí tobìnrin, estradiol jẹ́ irú estrogen kan, anastrozole sì ni oògùn tó ń dín estrogen kù:

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 47 ni mí, mo wọn 118 kg. Lọ́dún tó kọjá ó kàn máa ń rẹ̀ mí ṣáá ni, mi ò rí ti obìnrin rò mọ́ rárá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò láàárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, testosterone mi jẹ́ 212, lẹ́ẹ̀kejì 225. Kílíníìkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi ní testosterone cypionate 200 mg, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Oṣù méjì àkọ́kọ́, ayé dùn. Wọ́n wá ṣe tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ kẹta tí mo gba abẹ́rẹ́, testosterone 1,180, estradiol 52, wọ́n fi pupa kọ ọ́. Ni wọ́n bá fún mi ní anastrozole 1 mg, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Látìgbà yẹn ni orúnkún ti ń dùn mí, ọwọ́ mi máa ń gan láàárọ̀, inú mi kì í dùn, nǹkan ọkùnrin náà sì ti padà sùn. Ẹnì kan lórí WhatsApp wa ní estrogen ló ṣì ń dà mí láàmú, pé kí n máa lo anastrozole ọ̀hún lójoojúmọ́. Ṣé kí n fi kún un? Mi ò fẹ́ kí ọmú yọ láyà mi o. Ìyàwó mi náà sì ń sọ pé òun ṣì fẹ́ ọmọ kan sí i, mo rò pé ìyẹn ò ní wàhálà."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi kún un o. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, oríkèé tó ń dùn, ọwọ́ tó ń gan, inú tí kì í dùn, ìbálòpọ̀ tó tún sá lọ, estrogen tó pọ̀ kọ́ ló ń ṣe èèyàn báyẹn, estrogen tó ti gbẹ ni. Ẹ wo ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ náà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ayé dùn kí anastrozole tó wọlé. Nọ́ńbà ni wọ́n tọ́jú, ara yín ò tíì ké sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wà lórí WhatsApp yẹn sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi ohun tó fa ìṣòro wo ìṣòro.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí estrogen ti ń wá ná, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Ọkùnrin tó bá ti gbọ́ estrogen, ohun obìnrin ló máa ń sọ sí i lọ́kàn, á ní kí wọ́n gbá a dànù kíákíá. Bẹ́ẹ̀, kò sọ́kùnrin tí kò ní in lára, inú testosterone gan-an ló sì ti ń wá. Ẹ́ńsáìmù kan wà tí wọ́n ń pè ní aromatase, ó wà nínú ọ̀rá, nínú egungun, nínú ọpọlọ, nínú kóropọ̀n, iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó mú testosterone kó sọ ọ́ di estradiol, ìyẹn irú estrogen tó lágbára jù. Nínú estradiol tó ń yí kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń jáde látinú kóropọ̀n tààrà, gbogbo ìyókù, inú ọ̀rá àti àwọn ibòmíì lára ni aromatase ti ń ṣe é. Torí náà tí wọ́n bá gún yín ní testosterone, estradiol gbọ́dọ̀ gòkè tẹ̀ lé e, tí kò bá gòkè ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ara mọ ohun tó ń ṣe é sí.

Ní 1994 àwọn dókítà kan ní Cincinnati, ní Ohio, gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan jáde. Testosterone ọkùnrin yìí pé, estrogen wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n wọ́n bí i pẹ̀lú àléébù kan tí kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí estrogen ń wí. Ó ga tó 204 cm, ó ṣì tún ń ga lọ lọ́mọ ọdún 28, torí egungun rẹ̀ ò tíì pa dé, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà á, egungun ọmọ ọdún 15 ni wọ́n rí. Egungun náà tún wá fẹ́lẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń rí lára àwọn ìyá àgbà. Gbogbo testosterone tó ní lára, kò rí egungun yẹn gbà sílẹ̀. Látìgbà yẹn ni àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ti wá mọ̀ pé nínú ọkùnrin pàápàá, estrogen ló ń dáàbò bo egungun.

Èyí tó kàn yín jù wá nìyí. Ní 2013, àwọn oníwádìí ní Massachusetts General Hospital ní Boston kó àwọn ọkùnrin tí ara wọn dá, ẹni ogún ọdún sí àádọ́ta, wọ́n fún wọn ní oògùn kan tó pa testosterone tara wọn, wọ́n wá ń fi jẹ́ẹ̀lì testosterone dá a padà fún wọn, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn kan ò gba nǹkan kan, àwọn kan gbà tó 10 gíráàmù lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ 16 ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín wọn sí o. Àwọn 198 gba jẹ́ẹ̀lì yẹn nìkan, àwọn 202 yòókù gba jẹ́ẹ̀lì náà pẹ̀lú anastrozole, oògùn tó wà lọ́wọ́ yín yìí gan-an, kí testosterone má bàa rí ọ̀nà di estrogen. Ohun tó jáde síta ni pé iṣan àti agbára, testosterone ló ni ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tó ń pọ̀ lára wọn, àìsí estrogen ló fà á. Ìfẹ́ ìbálòpọ̀ àti kí nǹkan ọkùnrin le, testosterone àti estrogen ló jọ ń ru ẹrù yẹn. Ìyẹn ni pé ẹ lè ní testosterone tó kún fọ́fọ́, kẹ́ ẹ fi anastrozole pa estrogen, kẹ́ ẹ wá padà sídìí ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ gba abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí ara yín níbẹ̀?

Ó ku 52 tí wọ́n fi pupa kọ. Ọ̀pọ̀ láàbù ní Amẹ́ríkà máa ń kọ nǹkan bíi 10 sí 40 pg/mL pé ibẹ̀ ló yẹ kí estradiol ọkùnrin wà, kọ̀ǹpútà wọn sì ti mọ̀ pé kóun fi pupa kọ ohunkóhun tó bá kọjá ibẹ̀, kọ̀ǹpútà ò bi yín pé ọjọ́ wo lẹ gba abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kẹta yẹn, testosterone yín wà ní 1,180, èyí tó ju ibi tó yẹ kí ọkùnrin èyíkéyìí wà lọ, nítorí pé láàárín 264 sí 916 ng/dL ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò sanra máa ń wà. Testosterone ló wà lókè téńté, estradiol kàn gùn ún tẹ̀ lé e ni. Èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wá ń lù, wọn ò bá èyí tó ṣáájú wí.

Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ni mo ní ìjà bá, torí 200 mg lọ́sẹ̀ méjì-méjì kì í ṣe àṣìṣe kankan, ó wà nínú ìlànà Endocrine Society, ẹgbẹ́ àwọn dókítà họ́mọ̀nù, ti 2018, òun àti 75 sí 100 mg lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n jọ kọ síbẹ̀. Ohun tí ìlànà yẹn wí nípa tẹ́ẹ̀sì ni pé àárín abẹ́rẹ́ méjì ni kí wọ́n ti gbà á, ẹni tó ń gbà á lọ́sẹ̀ méjì-méjì, bí ọjọ́ keje, tó bá ju 600 lọ tàbí tí ò bá tó 350, kí wọ́n tún ìwọ̀n tàbí àkókò abẹ́rẹ́ ṣe. Ọjọ́ kẹta wà láàárín ìgbà tí abẹ́rẹ́ yẹn máa ń dé òkè pátápátá, ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Ká ní ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n gbà á, wọn ì bá ní testosterone yín ti lọ sílẹ̀ jù, wọ́n á tún fi kún un.

Abẹ́rẹ́ ọlọ́sẹ̀ méjì dà bí ìgbà tí wọ́n bá gbé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rìnlá síwájú èèyàn tí wọ́n ní kó jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kan. Cypionate máa ń lo bí ọjọ́ mẹ́jọ kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Nígbà tó bá wọlé, aromatase máa rí testosterone púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, estradiol á fò sókè, ẹ lè rí i pé orí ọmú ń ta yín díẹ̀, ẹsẹ̀ wú díẹ̀, ìbínú ò jìnnà. Nígbà tó bá wá di ọjọ́ kẹwàá sókè, gbogbo ẹ̀ á jọ relẹ̀, á wá rẹ̀ yín tẹnutẹnu, ẹ ó máa ka ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kàn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó wá bá mi pé estrogen ń yọ àwọn lẹ́nu, gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ yìí ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe fún ẹni tó bá wà nípò yín ni pé màá pín abẹ́rẹ́ yẹn. 80 sí 100 mg lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tàbí kí wọ́n tún gé e sí méjì, 40 sí 50 lọ́jọ́ Ajé, 40 sí 50 lọ́jọ́bọ̀. Àwọn dókítà míì máa ń jẹ́ kí aláìsàn fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un fúnra ẹ̀ sábẹ́ awọ ikùn, kì í dùn tó ti ìdí, mo mọ àwọn tó ń ṣe é kí wọ́n tó wọṣọ iṣẹ́ láàárọ̀. Oògùn yẹn náà ni, ìwọ̀n kan náà, tàbí kó dín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí òkè gíga, kò ní sí kòtò. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí wọ́n wá tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò láàárín abẹ́rẹ́ méjì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ fún yín pé estradiol ọ̀hún á ti wálẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé hóró oògùn kan mì. Tí testosterone bá ṣì wà ní 800 tàbí 900 láàárín abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dín in kù, má wulẹ̀ bá wọn jà pé 900 ló jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ ọkùnrin. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àpò ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 450 sí 600 ló tó.

Anastrozole fúnra rẹ̀ ńkọ́? Oògùn jẹjẹrẹ ọmú ni, fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dá. 1 mg lójúmọ́ ni wọ́n ń fún wọn, kí estrogen lè gbẹ pátápátá lára wọn. Ẹ ò wá rí i pé ohun tí ẹni orí WhatsApp yẹn ní kẹ́ ẹ máa ṣe, ìwọ̀n oníjẹjẹrẹ gangan ni. FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, ò fi ọwọ́ sí i fún ọkùnrin tó ń gba testosterone, dókítà lè kọ ọ́ o, òfin ò dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn ẹ̀ kéré púpọ̀. Ní 2009 wọ́n ṣe ìwádìí kan lórí àwọn bàbá tí testosterone wọn ti lọ sílẹ̀, wọ́n fún àwọn kan ní 1 mg lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tí kò sí oògùn nínú ẹ̀. Testosterone àwọn tó lo anastrozole gòkè lóòótọ́, wọ́n yọ̀, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀yìn wọn fẹ́lẹ́ sí i. Egungun kì í pariwo, kì í dunni bó ṣe ń fẹ́lẹ́, ọjọ́ téèyàn bá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ló máa tó mọ̀. Orúnkún àti ọwọ́ yín tiẹ̀ ṣàánú yín, wọ́n tètè sọ̀rọ̀.

Torí náà, ẹ pe kílíníìkì yín lọ́la, ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi fún wọn, ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n dá anastrozole dúró, kí wọ́n sì yẹ estradiol yín wò nísinsìnyí. Ẹ ò kọ èyí tuntun síbẹ̀, mo fura pé wọn ò tíì ṣe òmíràn látìgbà tí wọ́n ti fún yín lóògùn. Kò ní yà mí lẹ́nu tó bá ti wà nísàlẹ̀ 10. Anastrozole ò nílò pé kéèyàn máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, ìdajì rẹ̀ máa ń kúrò lára láàárín bí ọjọ́ méjì, estradiol á bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Oríkèé lè lọ́ra díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Abẹ́rẹ́ testosterone ní tiẹ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ìyẹn ọ̀rọ̀ míì ni, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún tẹ́ẹ̀sì ṣe, ẹ bi wọ́n pé irú èwo ni wọ́n ń lò. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó wọ́pọ̀, tó sì tètè jáde, tí wọ́n ń pè ní immunoassay, torí obìnrin ni wọ́n ṣe é, torí tiwọn máa ń tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tó bá dé sísàlẹ̀ níbi tí tọkùnrin wà, ó máa ń ṣìnà. Kódà tí ara bá ń gbóná níbì kan, tí nǹkan kan ń wú lára, ohun tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà yẹn lè mú kó sọ pé estradiol ga nígbà tí kò ga. Èkejì ni wọ́n ń pè ní LC-MS/MS, àwọn láàbù kan máa ń kọ "sensitive" síwájú orúkọ rẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ bèèrè. Tẹ́ ẹ bá ń lo fítámìn irun tàbí ti èékánná, ẹ yẹ ẹ̀yìn ike rẹ̀ wò, tí biotin bá wà níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kẹ́ ẹ tó lọ, torí biotin máa ń da oríṣi tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ yẹn rú. Àwọn ará wa ní London tó ń ka èyí, pmol/L ni tiyín, ẹ fi 3.67 sọ tiwa di púpọ̀, 30 tibí á di 110 tọ̀hún, kí ẹnì kankan má rí 110 kó wá sá lọ sí A&E, ibi ìtọ́jú pàjáwìrì.

Ọ̀rọ̀ ọmú. Mo mọ̀ pé òun ló ń bà yín lẹ́rù jù, kò sí ọkùnrin tí kì í bà lẹ́rù. Ẹ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rọra mú ara láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá sí abẹ́ orí ọmú. Tó bá jẹ́ pé rọ̀rọ̀ ló rí títí tí ìka méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, ọ̀rá ni, ẹni tó wọn 118 kg máa ní in, estrogen kọ́ ló ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ẹ kan nǹkan kan tó rí roboto, tó le díẹ̀ bíi rọ́bà, lábẹ́ orí ọmú gan-an, tó sì ń dùn tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni ẹran ọmú tòótọ́, ẹ tètè sọ fún dókítà. Kéèyàn tètè sọ ṣe pàtàkì, torí tó bá ti lé lọ́dún kan tó ti wà níbẹ̀, á ti di ẹran líle bí ojú àpá, oògùn ò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́, ọ̀bẹ dókítà ló kù. Tó bá ṣì tuntun, wọ́n á kọ́kọ́ tún ìwọ̀n testosterone ṣe, tíyẹn ò bá tó, tamoxifen ni oògùn tó máa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ju anastrozole lọ. Tamoxifen kì í pa estrogen inú ẹ̀jẹ̀, ó kàn máa ń dí i lọ́nà níbi ọmú ni, egungun ṣì ń rí tiẹ̀ jẹ. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan péré ni, tó le gan-an, tí kò dunni, tí awọ orí rẹ̀ ń fà wọlé tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí ọmú, ẹ má dúró de àyẹ̀wò kankan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, ọkùnrin náà ń ní jẹjẹrẹ ọmú.

Kẹ́ ẹ sì tún ka orúkọ gbogbo oògùn yín fún wọn. Spironolactone tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, cimetidine fún inú, ketoconazole fún èbù ara, efavirenz fún HIV, gbogbo wọn lè fa ọmú fúnra wọn kí wọ́n wá máa bá testosterone wí.

Ọ̀rá ikùn yín ló ku, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tààrà. Ibẹ̀ ni aromatase pọ̀ sí jù lára yín. Bí ọ̀rá ṣe ń pọ̀ ni testosterone tó ń di estrogen ń pọ̀, estrogen yẹn náà á tún máa sọ fún ọpọlọ pé testosterone ti tó, ọpọlọ á dín àṣẹ tó ń fún kóropọ̀n kù. Mo ti rí àwọn tí testosterone wọn gòkè padà nígbà tí wọ́n fọ́n, tí wọn ò fi ní abẹ́rẹ́ ṣe mọ́. Ẹ ò sọ bóyá ẹ máa ń hanrun, ìyàwó yín á mọ̀, tó bá jẹ́ pé èémí máa ń dúró tẹ́ ẹ bá sùn, ìyẹn náà máa ń fa rírẹ̀ tó jọ ti testosterone tó kéré, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, torí abẹ́rẹ́ lè mú un le sí i. Ọtí náà, ẹ dín in kù, ẹ̀dọ̀ ló ń kó estrogen dànù.

DIM, zinc, gbogbo ike tí wọ́n kọ "estrogen blocker" sí lára ní ilé ìtajà àwọn tó ń gbé irin, ẹ fowó yín pamọ́. Sóyà ò sọ ọkùnrin di obìnrin, ẹ mu wàrà sóyà yín. Àgbo tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé pé ó ń fún ọkùnrin lágbára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún, wọ́n ti rí sildenafil, ìyẹn oògùn inú Viagra, nínú irú ẹ̀ rí láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sára ìgò, ẹni tó bá ń lo oògùn ọkàn lè kú sí i.

Nǹkan tó yẹ kí kílíníìkì yín máa fi pupa kọ ni bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ki tó. Testosterone máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa pọ̀, tí hematocrit, ìyẹn ìdá tí ẹ̀jẹ̀ pupa kó nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀, bá kọjá 54%, wọ́n gbọ́dọ̀ dá abẹ́rẹ́ dúró ná kó fi wálẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó ki jù lè dì. Kí wọ́n wò ó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Abẹ́rẹ́ tó ń fò sókè yẹn náà ló máa ń mú un ga jù, ìdí míì nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ pín in. PSA náà, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ prostate, torí èèyàn dúdú ni wá, jẹjẹrẹ prostate máa ń mú wa ju àwọn yòókù lọ, ó sì máa ń tètè mú wa, ẹni ogójì ọdún sókè nínú wa ló yẹ kó ti bá dókítà sọ ọ́ kó tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ti ọkàn, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní TRAVERSE jáde ní 2023, ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin tó wà nínú ẹ̀, àwọn tó lo testosterone ò ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ju àwọn tí ò lò ó lọ, ṣùgbọ́n ìlùkìkì ọkàn tí kò dọ́gba àti ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ díẹ̀ láàárín wọn. Tí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú tó ń dùn, tàbí èémí gé lójijì, 911 ni o, kì í ṣe èmi.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín tẹ́ ẹ fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá bíi pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, èmi ì bá fi í sókè. Wàhálà wà níbẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Tí testosterone bá ń wá láti ìta, ọpọlọ máa ń dá àṣẹ tó ń fún kóropọ̀n dúró, àṣẹ yẹn náà ló sì ń mú kí àtọ̀ ní ọmọ nínú. Kóropọ̀n á máa sùn, á sì tiẹ̀ kéré sí i lọ́wọ́. Ní 1990, WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, gbé ìwádìí kan jáde níbi tí wọ́n ti ń gún àwọn ọkùnrin ní testosterone enanthate 200 mg lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìfètò-sọ́mọ-bíbí, nínú àwọn 271 tó wà níbẹ̀, ó ju ìdajì lọ tí wọn ò rí ẹyọ ọmọ kan nínú àtọ̀ wọn mọ́ láàárín oṣù mẹ́fà. Tiyín jẹ́ ìdajì ìwọ̀n yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló ń gbà ṣiṣẹ́. Anastrozole tẹ́ ẹ ń gbé mì sórí abẹ́rẹ́ yẹn ò sì ní ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀ rárá.

Tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró, ó máa ń padà fún ọ̀pọ̀ jù lọ, àwọn kan láàárín oṣù mẹ́fà, àwọn míì ọdún kan, àwọn díẹ̀ títí dé ọdún méjì, ó sì máa ń lọ́ra sí i fún ẹni tó ti dàgbà tàbí tó ti pẹ́ lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà míì wà tí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ padà sí rírẹ̀ tẹ́ ẹ ti wá. Clomiphene, tàbí abẹ́rẹ́ hCG, máa ń mú kí kóropọ̀n fúnra ẹ̀ ṣe testosterone, kí àtọ̀ sì wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ kàn mọ̀ pé hCG máa ń jẹ́ kí kóropọ̀n tú estradiol tiẹ̀ síta, tí nọ́ńbà yẹn bá tún gòkè díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún kó anastrozole sí yín lọ́wọ́ torí pupa orí ìwé. Ẹ lọ bá dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ọkùnrin, kí wọ́n yẹ àtọ̀ wò kẹ́ ẹ tó yí nǹkan kan padà, ẹ sọ ọjọ́ orí ìyàwó yín náà níbẹ̀, torí tó bá ti lé lógójì, ẹ ò ní àyè àtimáa dúró de kóropọ̀n fún ọdún méjì. Tí wọ́n bá sì fẹ́ fi jẹ́ẹ̀lì rọ́pò abẹ́rẹ́ fún yín láàárín ìgbà yẹn, ẹ sọ fún wọn pé ìyàwó yín ń wá oyún, jẹ́ẹ̀lì yẹn lè ti ara yín ran tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kan aláboyún.